"Ìsọdìbílẹ̀" kẹ̀? Ìsọdọmọ-ìlú ni o

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà.

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú ní kí a máa pe ètò tí àjèjì fi ń di ọmọ orílẹ̀-èdè tuntun ní "ìsọdìbílẹ̀". Ó ní ó dùn létí. Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ "bí" tó wà nínú rẹ̀ ti bà á jẹ́. Wọ́n ò kì í gba ìbílẹ̀ nínú ìwé. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: Arnold Schwarzenegger, òṣèré fíìmù tí wọ́n bí ní Austria, di ọmọ ibẹ̀ ní 1983, ó ṣe gómìnà California, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ààrẹ láéláé, torí ọmọ bíbí nìkan ló ni ipò yẹn. Ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ti dìbílẹ̀?

Àwọn kan tún fẹ́ yọ "sọ" kúrò, kó ku "ìdọmọ-ìlú", pé ẹni náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Kí wọ́n wo ètò náà dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, àjèjì náà gbọ́dọ̀ ti ní ìwé ìgbélùú ("green card") fún ọdún 5 (ọdún 3 tó bá ń gbé pẹ̀lú ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ-ìlú). Nínú ọdún 5 yẹn, ó gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 30 lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Tó bá ku 90 ọjọ́ kí ọdún 5 (tàbí 3) náà pé, ó lè fi fọ́ọ̀mù N-400, tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ-ìlú, ránṣẹ́. Tó bá fi ọjọ́ kan péré ṣáájú ìyẹn, wọ́n á dá a nù. Ìrìn àjò ló ń dà á rú jù: ẹni tó bá lò ju oṣù 6 lọ lẹ́yìn odi lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni yóò wá ẹ̀rí pé òun ò kó lọ. Tó bá pé ọdún kan, kíka ọdún ọ̀pọ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Ó wá yege nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Ṣé ó ti dọmọ-ìlú? Rárá o. Wọ́n ṣì máa bi í bóyá ó rìnrìn àjò tàbí ọlọ́pàá mú un láti ọjọ́ yẹn. Ìgbà tó bá nawọ́ ọ̀tún sókè tó búra, tí wọ́n gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ́ di ọmọ. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni náà ni àsọdọmọ. Ìṣe náà ni ìsọdọmọ.

———

Bàbá tó kọ̀wé lókè yìí, ẹ kú làákàyè, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ orí gbá gírámà dànù. "Sọ" ti "sọ lórúkọ" kọ́ ni "sọ" ti "sọ di". Iná ń sọ igi di eérú. Ẹnu wo ni iná fi sọ̀rọ̀? Ní Jámánì, ẹni náà á kọ́kọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ sókè pé òun á pa òfin ibẹ̀ mọ́, síbẹ̀ àfi tí wọ́n bá gbé ìwé lé e lọ́wọ́ kó tó di ọmọ ibẹ̀.

Ẹ sì fo àwọn ọmọdé dá. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2001, ọmọ tí kò tíì pé 18, tó ní ìwé ìgbélùú, tó sì ń gbé ní Amẹ́ríkà lábẹ́ àṣẹ òbí tó búra, ti dọmọ-ìlú lójú ẹsẹ̀. Kò kọ N-400, kò dáhùn ìbéèrè kankan. "Ìdọmọ-ìlú" ni tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ẹni tó sì kọ "ọmọ ìlù" lánàá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń wá ìwé ìrìnnà onígángan?