Afòmọ́ kọ́ ni ewé ara ọ̀pẹ yẹn

Ẹ̀yin ará, okun o.

Mo ti rí "afọ̀mọ́-ọ̀pẹ" tí Ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ pé kó jẹ́ orúkọ Yorùbá fún fẹ́ẹ̀nì ("fern" lédè Gẹ̀ẹ́sì), ìyẹn ewé tí àbúrò wa yà ní fọ́tò lára ọ̀pẹ lọ́nà Ìyàrà, tí fóònù rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ni Nephrolepis biserrata. Ẹ kọ́kọ́ bá wa yọ àmì abẹ́ lẹ́tà yẹn kúrò ná. Afọ̀mọ́ lẹ kọ. Ọṣẹ nìyẹn, ó ń fọ nǹkan mọ́ ni. Afòmọ́ lẹ ní lọ́kàn.

Ẹ wá ní "fò" bá a mu, torí lẹ́búlẹ́bú ẹ̀yìn ewé rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ó dùn létí. "Mọ́" wá ńkọ́? Afòmọ́ tòótọ́, ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀, á lọ nu ẹnu sára ẹ̀ka mìíràn, kóró tó ń fà yọ̀ọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, á wọ igi náà lára, á máa mu omi rẹ̀. Fẹ́ẹ̀nì kì í mu omi ọ̀pẹ. Ìdí imọ̀ tó ti gbẹ ló jókòó sí, níbi tí pàǹtí kó jọ sí, ibẹ̀ ló ta gbòǹgbò sí. Ṣebí àwọn àgbà ní afòmọ́ ò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló bá tan? Eléyìí ní gbòǹgbò, kò sì bá ọ̀pẹ tan.

Bàbá mi àgbà máa ń dẹ́mu. Àdá ló fi ń ha fẹ́ẹ̀nì yìí dànù kó tó fi igbà gun ọ̀pẹ, "ewé ara ọ̀pẹ" ló sì ń pè é; orúkọ yẹn ni mo fara mọ́. Ẹnìkan á bi mí pé èyí tó ń hù létí odò, tí kò sí lára ọ̀pẹ, ńkọ́. Òótọ́ ni, mo ṣì ń rò ó.

Àbúrò, iwájú ewé nìkan lo yà. Fẹ́ẹ̀nì kì í yọ òdòdó, kì í so èso, ẹ̀yìn ewé ni kó o yà ká lè dá a mọ̀. Mo yí ọ̀kan padà lẹ́yìn ilé wa ní Kàbà lánàá: tótòtó pupa rẹ́súrẹ́sú tò lọ létí ewé lọ́tùn-ún lósì, mo fi àtàǹpàkò ra á, eruku rẹ̀ kù sí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní 30 ọdún lẹ fi kọ́ ọmọ ní gírámà. N kò jiyàn. Àmọ́ ẹni tó ní èdè Okun tiwa níbí kì í ṣe Yorùbá gidi, ẹ ò bá a wí. Àmì orí ọ̀rọ̀ mi nìkan lẹ rí bá wí.