Níbo ni ènìyàn ti lè rí ilé tíì àti ilé kọfí tó dára ní Istanbul?

Olùbéèrè, Kábbà:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Iṣẹ́ olùkọ́ ń gbé mi lọ sí Istanbul ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, ní ìhà Kadıköy, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ ìlú náà tọ́ mi sọ́nà. Obìnrin ni mí, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ibi tí mo lè jókòó sí lẹ́yìn iṣẹ́, kí n mu tíì, kí n sì ka ìwé láìsí pé gbogbo ojú ń wò mí, ni mo ń wá. Àwọn èyí tí mo rí lórí Instagram rẹwà, ṣùgbọ́n iye owó wọn ju agbára olùkọ́ lọ.

Ọmọ Mọ̀pà, Üsküdar ní Istanbul:
Àbúrò mi, o kú ìmúra ìrìn-àjò. Ilé tíì wọn kì í ṣe irú kan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní kıraathane, àwọn ọkùnrin àdúgbò ló ń jókòó síbẹ̀ ta káàdì. Kò sẹ́ni tí yóò lé ọ jáde, àmọ́ ojú tí o ń sá fún náà ni yóò pàdé rẹ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọ "aile çay bahçesi" sí ni kí o wá, nítorí pé ọgbà tíì fún tẹbí-tọ̀rẹ́ ni, obìnrin tó dá wá sì ń jókòó síbẹ̀ láìsí ìyọnu. Ọ̀kan wà ní Moda, ní Kadıköy tìrẹ gan-an, lábẹ́ igi, ó kọjú sí òkun.

Ìkòkò méjì tó gun ara wọn ni wọ́n fi ń se tíì: omi wà nísàlẹ̀, ewé tí wọ́n kórè ní agbègbè Rize, létí Òkun Dúdú, wà lókè. Bí ti òkè bá pẹ́ lórí iná, yóò korò. Nítorí náà, ibi tí èrò ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, tí ọmọ iṣẹ́ ń gbé tíì lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù àyíká, ni kí o fọkàn tán, bí àga ibẹ̀ tilẹ̀ ti gbó. Sọ pé "açık" bí o bá fẹ́ kó fúyẹ́, "demli" bí o bá fẹ́ kó le. Wọn kì í bu mílíìkì sí i bíi ti màì ṣáyì wa. Bí o bá ti mu tẹ́rùn, fi ṣíbí dábùú ẹnu ife, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn lè máa gbé òmíràn wá.

Ará Ìsánlú:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn kò mẹ́nu ba kọfí rárá, bẹ́ẹ̀ oko kọfí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa! Láti àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ilé kọfí ti wà ní Istanbul, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì fi àṣà kọfí wọn sínú àkójọ àṣà àjogúnbá rẹ̀ ní ọdún 2013. Kí wọ́n tó gbé e kaná ni kí ẹ ti sọ bí ẹ ṣe fẹ́ ṣúgà sí, torí pé inú ìkòkò ni wọ́n ti ń sè é pọ̀: "sade" kò ní ṣúgà, "orta" mọ níwọ̀n, "şekerli" dùn dáadáa. Ẹ má mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ sílé, ìsọ̀ Kurukahveci Mehmet Efendi, tó ti wà láti 1871, wà ní Eminönü, ní òdìkejì omi sí Kadıköy. Ní agbègbè Sultanahmet, tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ pọ̀ sí, ẹ ka iye owó kí ẹ tó jókòó.

Olùbéèrè, Kábbà:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé wọ́n ń gbà kí ènìyàn jókòó pẹ́ lórí ife kan?

Ará Ìsánlú:
Ní ọgbà tíì, wọ́n ń gbà. Bí ẹ bá sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti Kadıköy lọ sí Eminönü, wọ́n ń ta tíì nínú rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ilé tíì tó dára jù ú lọ.