Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà pàdé n'Íbàdàn, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Aláró
Ẹ kú ilé o. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni màmá mi, lọ́nà Béèrè. Ọdún méjì ni obìnrin Jámánì kan fi gbé ní Bódìjà, tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà fún àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ wọn. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá sílé wa. Fọ́tò kọ́ ló kọ́kọ́ yà. Àpótí ló fà, ó jókòó ti màmá, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún, tí wọ́n ń fi kọ ọnà sára aṣọ. Ó pẹ́ gan-an kó tó béèrè ohunkóhun. Ọjọ́ tó máa béèrè, ó ní, "Màmá, òpó gbọ̀ngàn Màpó nìwọ̀nyí, mo dá wọn mọ̀. Kí ni ṣíbí ń wá láàárín wọn?" Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní Ìbàdàndùn ni orúkọ ọnà yẹn, pé ìlú tó bá dùn, ṣé èèyàn ò ní jẹun níbẹ̀ ni?

Nígbà tí ìwé náà jáde, orúkọ màmá mi wà lábẹ́ fọ́tò, tòun ti àmì ohùn, orúkọ ọnà náà sì tẹ̀lé e. Màmá mi ò kàwé. Wọ́n ní kí n mú ìka àwọn, kí n gbé e lé ibi tí orúkọ àwọn wà. Aró ṣì wà lára ìka yẹn. Obìnrin náà ti padà sílé báyìí. Ṣé ẹlòmíràn ti pàdé irú rẹ̀?

Ọmọ Màpó
Ìbàdàndùn! Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá ìyá mi tí wọ́n fi pọn gbogbo wa.

Agbẹ́gilére Mókọ́lá
Inú mi dùn fún màmá. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Òyìnbó kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, òǹkọ̀wé ni wọ́n pè é. Odindi ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra mínírà fún un, mo sọ ohun tí bàbá mi kọ́ mi fún un: bí a ṣe ń mọ igi apá tó ti gbẹ dénú, ìdí tí ojú Èṣù fi ń wà létí ọpọ́n Ifá tó ń wo babaláwo. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ya ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Ọpọ́n mi gba ojú ìwé kan gbáko. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "Iṣẹ́ agbẹ́gilére Yorùbá kan, Ìbàdàn." Kan! Orúkọ ẹni tó ya fọ́tò wà níbẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì
Kan. Háà.

Ọmọ Màpó
"Kan" yẹn wọ̀ mí lára. Bí ẹni ń ka iṣu.

Ayàwòrán Àgbowó
Ẹ̀gbọ́n Agbẹ́gilére, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí á má di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Ẹni tó ṣe é fún èmi, ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni. Ó wá síbi ìpàtẹ wa, ó jẹ móínmóín, ó ya iṣẹ́ mi mẹ́rin, nígbà tó máa kọ ọ́, "àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán" la jẹ́. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀. Orúkọ mẹ́fà ò lè gba ìlà kan tán.

Ìyá Ìbejì
Ṣé ó jẹ móínmóín tán ni?

Ayàwòrán Àgbowó
Ẹlẹ́mìí méje, mà.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi dé Mbari ní Dùgbẹ̀, n kò tíì jáde ìwé mẹ́fà. Ilé oúnjẹ Kòráà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tó gbà á ní 1961. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì wa ní 1950, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, pẹ̀lú Ṣóyínká, Okigbo, J.P. Clark, àti Mphahlele ọmọ South Africa. Achebe ló mú orúkọ náà wá. Wọ́n ń pàtẹ àwòrán, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń tẹ ìwé. Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, kó iṣẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀ ní 1962.

Èyí tí mo rántí jù lọ, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Aláàárù ọjà máa ń sọ ẹrù kalẹ̀, á yọjú wo ohun tó wà lára ògiri, á tún gbé ẹrù rẹ̀. Mo rí ọ̀kan tó dúró níwájú àwòrán kan títí tí ìyá tó lẹrù fi ń lọgun lẹ́yìn rẹ̀. Kò yíjú padà. Beier yìí kan náà ti ń ṣe ìwé ìròyìn kan láti 1957, Black Orpheus, ìlú Ìbàdàn yìí náà ni. Oníṣẹ́ ọnà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yẹn. Ìdí tí ọ̀rọ̀ agbẹ́gilére fi ká mi lára nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, báwo ló ṣe wá di ìṣòro lónìí?

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́
Tísà wa, ẹ ò dárúkọ ibi tí owó ti wá. Àjọ kan ní Paris ló ń fún Mbari lówó, CIA, àwọn amí ìjọba Amẹ́ríkà, ló sì ń fún àjọ yẹn. Àṣírí tú ní nǹkan bí 1966 sí 1967. Ẹni bá fún ọ lóúnjẹ, ó ní ohun tó ń wá.

Tísà Fẹ̀yìntì
Òótọ́ ni, mi ò sì ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa tó wà níbẹ̀ sọ pé àwọn ò mọ orísun owó náà. Aláàárù tí mo rí yẹn náà ò mọ̀. Àwòrán ló ń wò.

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́
Mo gbọ́ yín, sà. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ Màpó
Mbari, ṣebí Yorùbá ni? Mo bá rí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Sámóńdà
Ìgbò ni. Ilé alámọ̀ tí àwọn ará Òwèrè ń fi ère kún fún Àlà, òrìṣà ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962 ni etí Yorùbá sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ mọ̀ pé Beier fi orúkọ Yorùbá kọ eré, tó ṣe bí ẹni pé ọmọ Yorùbá kan ló kọ ọ́? Obotunde Ijimere ló pera rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀bọ tún dé, kí ló tún ń jẹ́ Ìjímèrè lẹ́yìn rẹ̀? Òbí wo ló máa sọ ọmọ bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Agbẹ́gilére Mókọ́lá
Ẹ wò ó bó ṣe rí. Òyìnbó ń wá orúkọ Yorùbá tí yóò jẹ́, èmi tí mo ní orúkọ, wọ́n yọ ọ́.

Ará Òṣogbo n'Íwó Road
Ẹ má fìyà jẹ bàbá yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìnagijẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní Òṣogbo, ìyàwó rẹ̀ Georgina ló ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 1964 tí Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti Rufus Ogundele ti jáde. Òṣèré àti onílù pọ̀ nínú wọn, wọn ò tíì lọ sílé ìwé iṣẹ́ ọnà kankan nígbà yẹn. Àwọn orúkọ tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹ ò lè wá wọn tì níbikíbi lágbàáyé tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Kí ló fà á? Ẹnìkan kọ wọ́n sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Susanne Wenger tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ò tiẹ̀ padà sí Ọ́síríà. Ó kú sọ́dọ̀ wa ní 2009, igbó Ọ̀ṣun tó fi ayé rẹ̀ tọ́jú ti di ohun àjogúnbá àgbáyé fún UNESCO láti 2005.

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́
Wọ́n máa ń kì í pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ẹ ti ń ṣe é níbí báyìí. Ọ̀rọ̀ àjèjì la ti ń sọ láti àárọ̀. Ta ló ń kọ ti onílé? Kí ló dé tí màmá aládìrẹ fi ń dúró de Jámánì?

Ọmọ Aláró
Ọ̀rọ̀ yín gún mi, mo sì gbà á. Ilé kan náà ni èmi àti ọnà yẹn jọ dàgbà sí, mi ò béèrè ọ̀rọ̀ ṣíbí rí. Obìnrin yẹn ló béèrè. Láti ìgbà tó ti lọ ni mo ti ń béèrè. Mo ti ní orúkọ ọnà mọ́kànlá nínú ìwé kékeré kan, bí màmá ṣe pè é ni mo ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Tísà Fẹ̀yìntì
Mọ́kànlá. Ọmọ mi, Olúwa á bùkún ọ.

Ọmọ Aláró
Àmín, sà. Ẹ̀gbọ́n Agbẹ́gilére, ṣé mo lè yà sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Sátidé? Mi ò ní ìwé ìròyìn o. Fóònù àti ìwé kékeré yẹn ni mo ní.

Agbẹ́gilére Mókọ́lá
Ẹ máa bọ̀. Mo ń gbẹ́ òmíràn lọ́wọ́, ó ku etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Tèmi àti ti bàbá mi. Èmi ni máa pe àmì rẹ̀ fún yín.

Ọmọ Màpó
Ẹ̀gbọ́n Aláró, Ìbàdàndùn mélòó ló kù lọ́wọ́ màmá?

Ọmọ Aláró
Mẹ́ta. Èyí tó wà nínú fọ́tò yẹn kì í ṣe títà.