Wọ́n ní TB mi ti padà, àṣé èbu ni

Ìyá Bọ́lá, Kubwa:
Ẹ̀yin tó ti ṣàìsàn ikọ́ ife rí tẹ́ ẹ sì ń dáko lẹ́yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí.

Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni mò ń gbìn. Ewé gbígbẹ, èèpo iṣu, ìgbẹ́ adìẹ, igun kan ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí kó lè jẹrà di ajílẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ mú, mo fi ṣọ́bìrì tú òkìtì náà. Òkè rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ gbóná, ó sì ti bu bí búrẹ́dì tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá. Eruku rẹ̀ ń sọ bí èlùbọ́ tí wọ́n ń kù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láìbo imú.

Kí òjò tó dé, ikọ́ ti dé. Oògùn kẹ́mísítì kò ràn án. Mo rù, mo wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mo ti ní TB ní 2015, mo sì lo oògùn oṣù mẹ́fà pé, torí náà gbogbo ilé gbà pé òun ló padà. Ìyá ọkọ mi ní kí wọ́n ya ife àti àwo mi sọ́tọ̀. Àbíkẹ́yìn mi kò sùn tì mí mọ́. Ó dùn mí ju ikọ́ náà lọ.

Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kò sí TB. Dókítà kan ló bi mí pé, "Mọ́mì, kí lẹ máa ń fọwọ́ ṣe nílé?" Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán àyà ló tú u fó: ihò tí TB ọjọ́sí dá sí ẹ̀dọ̀fóró mi ni èbu tí wọ́n ń pè ní Aspergillus wọ̀ sí, ó dì bíi bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Itraconazole, oògùn tó ń pa èbu, ni mo lò, ó lé ní oṣù mẹ́fà. Bí dókítà ṣe sọ pé kì í ràn báyìí, mo pe ìyá ọkọ mi kí n tó lọ sanwó oògùn.

Bàbá Tóbi, Lugbe:
Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ewu o. Ọmọ mi tó ní ásímà ló ń bá mi kó ajílẹ̀. Ṣé kí n dá a dúró?

Ìyá Bọ́lá, Kubwa:
Ẹ dá a dúró, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo wa là ń fa hóró èbu yìí símú lójoojúmọ́, ara tó le sì ń lé e jáde. Ti alásímà, tàbí ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gbọgbẹ́ rí, kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi kò fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíì ló ń bá mi tú òkìtì náà báyìí. A máa ń kọ́kọ́ fi omi rin ín, á wọ N95, kì í ṣe ìbòmú aláṣọ. Èmi á wà nínú ilé, màá ti fèrèsé, títí eruku á fi rọlẹ̀.