Ọlọ́rọ̀ tó ra ilé àwókù lórí òkè Abruzzo: ohun tí mo fojú ara mi rí

Iṣẹ́ birikìlà ni mò ń ṣe ní Pescara, ní etí òkun Ítálì, ara ilé ni ojú mi sì máa ń kọ́kọ́ lọ bí mo bá dé ìlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Santo Stefano di Sessanio fún yín. Ìlú kékeré kan ni, ní agbègbè òkè Gran Sasso, ó ga tó 1,250 mítà, òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé àtijọ́ ibẹ̀.

Àgùntàn ló sọ ìlú náà dọlọ́rọ̀ láyé ọjọ́un. Ní 1579 ló bọ́ sábẹ́ àwọn Medici, ìdílé olówó tó ń ṣàkóso ìlú Florence nígbà náà, torí òwò irun àgùntàn. Nígbà tí òwò yẹn kú, àwọn ọmọ ìlú ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, sí Róòmù, síbi yòówù tí iṣẹ́ bá wà, àwọn tó kù kò ju ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Òrùlé ń jìn, ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe.

Ní 1999, ọlọ́rọ̀ tí mo ń sọ, Daniele Kihlgren, gun alùpùpù débẹ̀. Ará Swídìn ni bàbá rẹ̀, ará Ítálì ni ìyá rẹ̀, òwò sìmẹ́ńtì sì ni ìdílé rẹ̀ fi lówó. Ó ń ra àwọn ilé náà díẹ̀díẹ̀, ó sì bá ìjọba ìbílẹ̀ ṣàdéhùn pé wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé tuntun tí yóò ba ojú ìlú jẹ́. Ní nǹkan bí 2005 ó ṣí òtẹ́ẹ̀lì, Sextantio. Òtẹ́ẹ̀lì yìí kì í ṣe ilé kan ṣoṣo: yàrá kan wà níhìn-ín, òmíràn wà ní àdúgbò kejì, àlejò á sì gba àárín ìlú kọjá kó tó dé ibùsùn.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣí yàrá kan fún mi. Ògiri yẹn ni mo dúró tì pẹ́! Wọn kò rẹ́ ẹ, wọn kò kùn ún. Dúdú tí èéfín iná ìdáná fi sára rẹ̀ láti ayébáyé ṣì wà níbẹ̀. Páìpù tó ń mú yàrá gbóná wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹ kò ní rí i. Irun àgùntàn ló wà nínú tìmùtìmù, ọwọ́ ni wọ́n fi hun aṣọ orí ibùsùn. Wọ́n bá ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Pescara ṣiṣẹ́ pọ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń lo yàrá wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ilé á mọ̀ pé kíkọ́ tuntun rọrùn ju èyí lọ fíìfíì. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá wó ilé amọ̀ bàbá rẹ̀ tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dìde ni à ń yìn, ó sì ń dùn mí.

Ìmìtìtì ilẹ̀ 6 oṣù kẹrin 2009 wó ilé ìṣọ́ gíga àárín ìlú náà palẹ̀. Wọ́n ti tún un kọ́.

Mo ra lẹ́ńtìlì, oúnjẹ oníhóró wẹ́wẹ́ tó jọ ẹ̀wà, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. (Ẹ rà á bí ẹ bá débẹ̀. Ó kéré, ó dúdú díẹ̀, kò nílò kí ẹ rẹ ẹ́ sómi kó tó jiná.) Màmá yìí ń súre fún Kihlgren, torí ọmọ ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́ nídìí òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Àmọ́ ó ní nígbà òtútù, ilé tó ń dáná kò pọ̀. Kí èèyàn lè pọ̀ sí i níbẹ̀, ní 2020, ìjọba ìlú ní àwọn máa fún àwọn tí kò tíì ju ẹni 40 ọdún lọ ní owó tó lè tó 8,000 yúrò lọ́dún, fún ọdún mẹ́ta, bí wọ́n bá wá gbé ibẹ̀.

Mo gbóríyìn fún Kihlgren tọkàntọkàn, torí láìsí i, òkìtì òkúta ni ǹ bá bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èmi bá ní irú owó yẹn, ilé mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni màá fún àlejò. Ìyókù, tọkọtaya tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ ni màá fi sí i, kí wọ́n máa san owó ilé táṣẹ́rẹ́.