Ọjọ́ kan péré la ní láti rìn kiri ní ilẹ̀ Benin: kí ni kí a mú, kí ni kí a fi sílẹ̀?

Ìyá Olókùn, Ìjẹ̀bú-Òde (olùbéèrè)

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà, obìnrin ni gbogbo wa, tí a jọ wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń dá owó jọ láti ìgbà Ojúde Ọba tó kọjá, kí a lè rin ìrìn-àjò fàájì sí orílẹ̀-èdè Benin. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a ó gbéra, ọjọ́ Àìkú ni a ó padà, nítorí pé ọ̀kan nínú wa ní ìsọ̀ tí kò lè tì pa di ọjọ́ Ajé, èmi náà sì ní ọmọ-ọmọ tí mò ń bójú tó. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni a ní láti fi wo ìlú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an nìyí. Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ó fẹ́ràn kí a máa ka iye ibi tí a dé, ti kọ ètò sílẹ̀ lódindi ojú ìwé méjì: ní ìdájí, kí a wo ère obìnrin jagunjagun ní Kútọnu, kí a ti ibẹ̀ lọ sí Ganvié lórí omi, kí a jẹun ọ̀sán ní Ouidah, kí a wo ilé erè, níbi tí wọ́n ti ń bọ ejò, àti ẹnu-ọ̀nà ńlá tó wà létí òkun, kí a sì dé Àjàṣẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, kí ilẹ̀ tó ṣú. Alhaja wa ní òun kò ní wọ ilé erè. Ó ní kì í ṣe pé ẹ̀rù ń ba òun, ṣùgbọ́n òun kò lọ sí Mẹ́kà kí òun tún wá máa fi ejò kọ́rùn ní Ouidah. Ẹnì kẹta ní ọjà ni òun bá wá, ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Orúnkún ń yọ ẹnì kẹrin lẹ́nu, bí àtẹ̀gùn bá ti lé ní mẹ́wàá, yóò dúró sinmi. Ẹnì karùn-ún ní ohunkóhun tí a bá ṣe ló dára, mo sì ti mọ̀ ọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ pé òun gan-an ni yóò kùn jù lọ tí a bá darí délé.

Ohun tó jẹ́ kí n máa béèrè ni pé ìrìn-àjò wa sí Àkírà ní ilẹ̀ Ghana ní èṣí ṣì ń dùn mí. Ibi mẹ́jọ ni a kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo ti rí ibi tí wọ́n sin Kwame Nkrumah sí. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, bísíkíìtì àti omi ni a fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán, àwọn méjì nínú wa sì ti ń jà nítorí ẹni tó pẹ́ jù ní ọjà Makola. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi béèrè ohun tí mo rí ní Àkírà, aṣọ ìjókòó tó wà níwájú mi nínú bọ́ọ̀sì náà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ó ní ìlà búlúù, ó sì ya ní igun apá òsì, ẹnì kan ti fi òwú pupa gán an.

Ẹ dákun, ṣé kí n fara mọ́ ètò Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, àbí kí a mú ìlú kan ṣoṣo? Bí ó bá jẹ́ ìlú kan, èwo ni? Báwo ni mo sì ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú ìwé méjì?

Awakọ̀ Ṣàgámù

Ẹ kú ètò o, ìyá wa. Ọkọ̀ ni mò ń wà, mo sì ti ń ná ọ̀nà náà tipẹ́. Lórí ìwé, gbogbo ìlú ló máa ń sún mọ́ ara wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí lójú títì. Ẹ fi Kútọnu sí àárín. Àjàṣẹ́ wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, bíi kìlómítà 30. Ouidah wà ní ìwọ̀-oòrùn, bíi kìlómítà 40. Ẹni tó bá dojú kọ Ouidah ti kọ ẹ̀yìn sí Àjàṣẹ́ nìyẹn. Ti Ganvié tún yàtọ̀, nítorí pé mọ́tò kò dé ibẹ̀ rárá: èbúté Abomey-Calavi ni ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ ó ti dúnàádúrà ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ tó bọ́ sórí adágún Nokoué. Bí ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọjọ́ kan, inú ọkọ̀ ni ẹ ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, awakọ̀ yín ni yóò jèrè.

Ẹ má sì gba Èkó kọjá bí ẹ bá lè yẹra fún un. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wá sí Ṣàgámù, ẹ gba ọ̀nà Abẹ́òkúta, kí ẹ yà sí Pápálàntò àti Ìláròó, kí ẹ já sí Ìdí-Ìrókò. Ìgolo ni òdìkejì ẹnubodè náà, ọ̀nà ibẹ̀ sì já sí Àjàṣẹ́ láìdé Kútọnu. Àyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, n kò ní parọ́ fún yín, nítorí náà kí olúkúlùkù fi pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ti máa tó o, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nígbà tí ẹ bá ń lọ àti nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Físà kò kàn yín. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè lo 90 ọjọ́. Kí ẹni tó bá ń ṣẹ́ owó sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, kà á fúnra rẹ̀ kí ó tó kúrò níwájú ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún un.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Kútọnu

Mo bọ̀wọ̀ fún awakọ̀ wa, ṣùgbọ́n Ouidah ni èmi yóò mú. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó àwọn ẹrú lọ sí etí òkun gùn tó bíi kìlómítà mẹ́rin, ní òpin rẹ̀ sì ni ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n kọ́ ní 1995 wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Mo mú bàbá mi lọ síbẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó dúró lórí iyanrìn, kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún wákàtí kan gbáko, bàbá tí kò lè dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ilé erè, kò pọn dandan kí Alhaja wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì ló wà ní ọ̀ọ́kán rẹ̀ gan-an, wọ́n kọjú sí ara wọn, kí Alhaja dúró sí ìta kí ó máa fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kìkì pé kí ẹ béèrè ṣáájú nípa ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú odi àwọn Potogí, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe.

Ère jagunjagun tí Ìyá Bọ́sẹ̀ ń wí ga tó mítà 30. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i, kò sì ní sá lọ.

Tíṣà Àgbà, Ìpẹru

Kí a tó sún kúrò lórí ère náà: àwọn obìnrin ogun Dahomey, ìjọba àtijọ́ tó wà ní ilẹ̀ Benin, dé Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún dé ibẹ̀ ní 1864, bí wọ́n ṣe padà sì ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá. Ó dára, mo ti sọ tèmi.

Àjàṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ lọ, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ìlú òkèèrè ni, síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ Yorùbá ní ọjà, ní gáréèjì àti lẹ́nu ọmọdé tó ń ta omi. Orúkọ mẹ́ta ló ní: àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonu, àwọn Potogí sì sọ ọ́ ní Porto-Novo, èyí tó túmọ̀ sí èbúté tuntun. Òun ni olú-ìlú tó wà nínú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń sọ ìtàn àwọn ọdẹ Yorùbá tí wọ́n rí abàmì olórí mẹ́sàn-án kan níbẹ̀ kí ìlú tó di ìlú, wọn yóò sì fi ojúbọ rẹ̀ hàn yín tí ẹ bá fi sùúrù béèrè.

Ààfin Honmè ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ààfin ọba Toffa ni, ẹni tó jọba láti 1874 títí di 1908, tó sì wọ abẹ́ ààbò àwọn Faransé. Ẹ má retí ilé gogoro. Ògiri amọ̀ ni, àgbàlá nínú àgbàlá, ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé; ẹni tó bá mọ agbo ilé àwọn àgbà wa kò ní ṣàjèjì níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín nípa orin adjogan, orin ààfin tí àwọn obìnrin ń kọ. Ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n ń pè ní alounloun ni wọ́n fi ń ṣe é. Òrùka irin wà lára rẹ̀, tí wọ́n máa ń fà sókè-sódò, ìró rẹ̀ a sì máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń ka owó onírin sínú ìkòkò. Àwa Ìjẹ̀bú yóò gbádùn èyí!

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí Alhaja ṣíwájú yín lọ sí mọ́ṣáláṣí àtijọ́. Àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ọmọ Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Bùràsílì àti àrọ́mọdọ́mọ wọn, ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí wọ́n sì ṣe mọ ilé Ọlọ́run kíkọ́ ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ: ilé ìṣọ́ méjì níwájú, ọnà yíká fèrèsé, ọ̀dà aláràbarà. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i yóò búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Irú ọnà kan náà ló wà lára ilé Balógun Kúkú ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ wo ti ilé dáadáa kí ẹ tó gbéra, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ ó fi wé e.

Àgbẹ̀ Odògbolú

Ẹ má gbàgbé oko Songhai, ní Ouando, ní Àjàṣẹ́ náà ni. Àlùfáà Kátólíìkì kan tí wọ́n bí sí Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Mo rí i níbẹ̀ bí ìgbẹ́ adìyẹ ṣe ń di gáàsì ìdáná, tí omi ẹja sì ń lọ bomi rin ẹ̀fọ́. Nǹkan kan kò ṣòfò. Wọ́n ní ilé oúnjẹ àti yàrá àlejò, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ fún ẹni tí orúnkún ń dùn.

Ọmọ Odò, Ìwópin

Nípa orí omi: ẹ kò nílò Ganvié. Láti Àjàṣẹ́ gan-an ni ọkọ̀ ojú omi ti ń lọ sí Aguégués, níbi tí àwọn ènìyàn ti kọ́lé sórí òpó nínú omi bákan náà, tí ìyá kan yóò máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹja níwájú. Ẹ gba ẹ̀wù ààbò kí ẹ tó wọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Òwúrọ̀ ló dára jù, afẹ́fẹ́ a máa le lọ́sàn-án. Ẹni tí orúnkún ń dùn ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹnì kan di apá rẹ̀ mú, nítorí pé ìgbésẹ̀ láti èbúté sínú ọkọ̀ ló máa ń fa wàhálà.

Ìyá Alámọ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó

Dantokpa kọ́ ni mo máa wá tí mo bá ti jìnnà dé Àjàṣẹ́. Ìjọba tilẹ̀ ti ṣètò láti kó ọjà náà lọ sí ibòmíràn. Ẹ lọ sí ọjà Àjàrá, ẹ̀gbẹ́ Àjàṣẹ́ ni. Ọjà ọrọọrún ni, kí ẹ wádìí ọjọ́ tó bọ́ sí. Ìkòkò àti ìlù ni mo rà níbẹ̀. Ìkòkò náà fọ́ ní ẹnubodè, ìlù ṣì wà.

Ní ti Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ má sọ fún un pé ètò rẹ̀ kò dára. Ẹ mú ìwé náà lọ bá a pẹ̀lú bírò, kí ẹ ní, “Ìwọ lo mọ ọ̀nà yìí jù wá lọ, Àjàṣẹ́ nìkan ni ẹsẹ̀ wa gbé, bá wa tò ó.” Ẹni tó ń tò ó kò ní ráyè bínú. Kí òun náà sì di owó oúnjẹ mú, kí ìwọ má dì í mú. Ọ̀rọ̀ Makola yẹn, mo mọ̀ pé owó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Olókùn, Ìjẹ̀bú-Òde

Owó ni, ìyá mi. Ta ló sọ fún yín?

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nípa bàbá rẹ̀ wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n èyí gan-an ló jẹ́ kí n pinnu pé a kò gbọdọ̀ fi wákàtí kan péré gba Ouidah kọjá láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti ọjà. A ó dá ìrìn-àjò tirẹ̀ ṣe. Mo gbé ìwé àti bírò lọ bá Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó wò mí títí, ó ní, “Ta ló kọ́ ọ ní èyí?” Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó fa ìlà sí Kútọnu, ó fa ìlà sí Ganvié, ó dúró lórí Ouidah fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fa tirẹ̀. Aguégués ní òwúrọ̀, oúnjẹ ní Songhai, ààfin àti mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn tí oòrùn bá rọ̀, ọjà tó bá bọ́ sí i. Àjàṣẹ́ náà ni a ó sùn. Ó ti wá kọ wákàtí sí ìwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún kíkùn ẹnì karùn-ún.

Ó ku ìbéèrè kan. Alhaja ní òun kò gbẹ́kẹ̀ lé oúnjẹ ẹlòmíràn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọn yóò jẹ́ kí òun gbé gàrí kọjá ní Ìdí-Ìrókò.

Awakọ̀ Ṣàgámù

Gàrí tó bá jẹ́ ti jíjẹ nìkan, tí kò kún àpò, n kò tíì rí i kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni dúró nítorí rẹ̀. Kí ó fi sínú ike onídèérí, kí ó má fi sínú ọ̀rá, nítorí gẹ́rẹ́gẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Ìláròó yẹn yóò tú u sára yín.