Time-sharing: ẹ jẹ́ ká pè é ní “àlòkárí”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣàgámù ní ká pe time-sharing, ìyẹn bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lásìkò kan náà, ní “ìpín-àkókò”. Àǹtí wa ní Àgọ́-Ìwòyè ní “àjùmọ̀lò” ló dáa jù. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tọrọ àyè kí n mú ẹ̀kẹta wá: àlòkárí.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kì í ṣe Dartmouth, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán nǹkan yìí wò, MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn níbẹ̀, ti wà lẹ́nu ẹ̀ ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n Dartmouth ló ti di ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀ ni John Kemeny, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní Budapest ní 1926. Júù ni òun àti ẹbí rẹ̀. Ẹbí rẹ̀ sá dé New York ní 1940. Ó ṣiṣẹ́ ní Los Alamos, níbi tí Amẹ́ríkà ti ṣe bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù, nígbà ogun, ó bá Einstein ṣiṣẹ́ ìṣirò ní Princeton, ó sì dé Dartmouth ní 1953.

Láyé ìgbà náà, bí èèyàn bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣírò nǹkan, ó ní láti lu ihò sára káàdì, kó kó káàdì náà fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, kó sì lọ jókòó dè é. Thomas Kurtz, ẹnìkejì Kemeny, a máa gbé àpótí káàdì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí MIT. Àṣìṣe kékeré kan, ìrìn àjò mìíràn nìyẹn. Kemeny ní bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wọ láíbìrì tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé yọ, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1964, teletype méjì (ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà) bi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dá àwọn méjèèjì lóhùn. BASIC, èdè kọ̀ǹpútà tí Kemeny àti Kurtz ṣe fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, ni wọ́n fi bi í. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló sì kọ ọ̀pọ̀ lára ètò kọ̀ǹpútà tó mú ẹ̀rọ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ pé àkókò ni ẹ̀rọ ń gé kéékèèké: á ṣe tìrẹ díẹ̀, á ṣe tèmi díẹ̀, á sì yí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àmọ́ “ìpín” ni mi ò lè gbà. Ẹ wo ogún tí a pín ní orí-ojorí: tẹni kọ̀ọ̀kan dín kù, èyí tó bọ́ sọ́wọ́ mi ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ Kemeny yá débi pé ẹni tó jókòó síwájú teletype ń rò pé òun nìkan ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí ló dùn mí jù láti takò, torí kíláàsì tèmi nìyẹn gan-an. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo ti kọ́ àwọn ọmọ mẹ́tàlélógójì lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Gbogbo wọn yí i ká. Ọmọ kan di máòsì mú, àwọn méjìlélógójì tó kù ń na ọrùn. Àjùmọ̀lò nìyẹn, Àǹtí! A jọ ń lò ó, kò sì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn ọmọ náà máa ń bi mí ni “Ṣé ó ti kàn mí?” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìyẹn ṣẹ̀dá “àkànlò”, kó tó yé mi pé àkànlò èdè ti gba orúkọ yẹn tipẹ́.

Kárí ni ọ̀rọ̀ náà. Ìyá tó se ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kan fún ọmọ mẹ́jọ, bó ti ń bù ú ló ń fojú wọ̀n ọ́n kó lè kárí. Ó ní títò nínú, ó sì ní ìdánilójú pé ẹnikẹ́ni ò ní fo. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń tò wọlé ní Ojúde Ọba náà ń ṣe é: ẹgbẹ́ kan ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ kan títí á fi kárí.

Ayé Kemeny pàápàá gbà mí lẹ́rìí. Ó di olórí Dartmouth ní 1970, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1981. Ní 1972, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń gba ọkùnrin nìkan láti 1769 ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin. Ní 1979, Ààrẹ Carter ti Amẹ́ríkà fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ìjàǹbá ilé-iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù ní Three Mile Island. Fáàfù kan ṣí, ó kọ̀ láti padé, àwọn òṣìṣẹ́ ò sì mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Davis-Besse, ilé-iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù mìíràn ní Ohio, ní 1977, ẹnjiníà kan níléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà sì ti kọ̀wé ìkìlọ̀. Ìkìlọ̀ náà ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ìgbìmọ̀ Kemeny ní ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń ṣètò iṣẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Ìmọ̀ wà, kò kárí ni.

Ibì kan ṣì wà tó ń kọ mí lóminú. Oúnjẹ tó bá ti kárí ti tán nínú ìkòkò, ẹ̀rọ yìí ní tiẹ̀ a máa padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Èsúsú ló jọ ìyẹn. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ tí ẹ ṣì ń dá èsúsú, kí lẹ ń pe ìgbà tí owó bá ti dé ọwọ́ gbogbo ẹgbẹ́, tí ẹ sì tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́? Bó bá ní orúkọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sí mi kó tó di Mọ́ńdè, nígbà tí màá kọ “àlòkárí” sójú pátákó fún àwọn ọmọ.